Bí P. L. Travers ṣe sunkún lálẹ́ ọjọ́ tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún fíìmù tí wọ́n fi ìwé rẹ̀ ṣe

Ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1964 ni. Gbọ̀ngàn sinimá ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Grauman's Chinese Theatre, ní ìlú Los Angeles, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kún fọ́fọ́. Àwọn òṣèré tó lórúkọ, àwọn olówó, àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn ayàwòrán ló péjú síbẹ̀ nítorí fíìmù tuntun tí ilé-iṣẹ́ Walt Disney fẹ́ fi han aráyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Mary Poppins ni wọ́n pe orúkọ fíìmù náà. Nígbà tó fi máa parí, ìdùnnú ti ṣubú lu ayọ̀ fún àwọn èrò ìwòran, wọ́n dìde dúró, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ kíkankíkan. Ṣùgbọ́n láàrin èrò yẹn, omi ń dà lójú obìnrin ẹni ọdún 65 kan, kì í sì í ṣe omijé ayọ̀. Obìnrin náà gan-an ló kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù ọ̀hún.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó bá wo Pamela Lyndon Travers lálẹ́ ọjọ́ náà yóò rò pé orí rẹ̀ ti gbé e dé ibi ire, torí owó ńlá ń bọ̀ wá bá a, òkìkí rẹ̀ sì máa tó kan káàkiri àgbáyé. Àwọn tó mọ ohun tí ìwé náà jẹ́ fún un nìkan ló lè mọ̀dí ẹkún rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a fi ìwé ìtàn dàgbà la mọ irú ìrora yìí níwọ̀nba. Èèyàn á ti ka ìwé àràmàǹdà kan láti kékeré, á ti fi ọkàn rí ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀, á ti mọ bí igbó rẹ̀ ṣe dúdú tó àti bí ohùn iwin rẹ̀ ṣe ń dún. Lọ́jọ́ kan ni wọ́n á wá sọ pé wọ́n ti fi ṣe fíìmù. Tẹ̀yẹtẹ̀yẹ ni onítọ̀hún á fi lọ wò ó, á sì dé ibẹ̀ kó bá ojú tí kò mọ̀ rí àti ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé. Bó bá dun òǹkàwé bẹ́ẹ̀, báwo ni yóò ṣe dun ẹni tó kọ ọ́? Ìtàn ìgbésí ayé Travers ló dáhùn ìbéèrè yìí ju ti òǹkọ̀wé mìíràn lọ.

ỌMỌ MÁNÍJÀ BÁǸKÌ

Travers kọ́ ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Helen Lyndon Goff ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní ọjọ́ 9, oṣù kẹjọ, ọdún 1899, ní ìlú Maryborough, ní ìpínlẹ̀ Queensland, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Travers Robert Goff ni orúkọ bàbá rẹ̀, Margaret Agnes Morehead sì ni ìyá rẹ̀. Ìdílé tó lórúkọ ni ìyá yìí ti wá, nítorí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí rẹ̀ kan ti ṣe olórí ìjọba Queensland rí láàrin ọdún 1888 sí 1890.

Máníjà báǹkì ni bàbá ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ewì àti ìtàn àròsọ ni, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Áyálándì, ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, kún etí ọmọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọdébìnrin yìí ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ojú inú rí ohun tí ojú lásán kò rí. Ṣùgbọ́n ọtí ni ọ̀tá ọkùnrin náà. Nígbà tó yá, àwọn aláṣẹ báǹkì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láti ipò máníjà, wọ́n sọ ọ́ di akọ̀wé lásán, wọ́n sì gbé e lọ sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Allora ní ọdún 1905. Ìtìjú yẹn kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 1907, ibà gbé e dè, ó sì kú lẹ́ni ọdún 43. Ọmọ ọdún méje péré ni Lyndon nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn. Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì, tí iṣẹ́ náà sì já kulẹ̀, àti ilé tí kò fara rọ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan wọ̀nyí ni yóò padà wá jẹ jáde nínú ìwé tí ọmọdébìnrin náà kọ ní ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà.

ÒRU ỌJỌ́ TÍ ÌYÁ RẸ̀ JÁDE NÍNÚ ÒJÒ

Lẹ́yìn ikú ọkọ, opó náà kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ìlú Bowral, ní ìpínlẹ̀ New South Wales. Ìyá àgbà kan nínú ẹbí, Helen Morehead, tí àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí Ellie, ló ń gbọ́ bùkátà wọn. Ìyá àgbà yìí le bí ojú ẹja. Kì í rẹ́rìn-ín lásán, kì í ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bó bá sì ti pàṣẹ, ó ti parí nìyẹn. Síbẹ̀, lábẹ́ líle yẹn, inú rere rẹ̀ kò kéré, òun ló sì gba ìdílé náà lọ́wọ́ ìyà.

Ní òru ọjọ́ kan tí ìjì ń jà, ìbànújẹ́ bo ìyá àwọn ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ó já ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó jáde nínú òjò, ó ní òun ń lọ para òun sínú odò. Lyndon ni àgbà nínú àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣẹ́ kù sílé. Kò sọkún, kò sì pariwo. Ó kó àwọn àbúrò rẹ̀ jọ síwájú iná, ó da aṣọ bò wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ẹṣin funfun kan tó ń fò láìní ìyẹ́ apá fún wọn. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń fetí sílẹ̀ bóyá òun yóò gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá òun. Ìyá náà padà wọlé nígbà tó ṣe, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin. Odò kò gbé e.

Ibẹ̀ la ti rí i pé fún obìnrin yìí, ìtàn kì í ṣe ohun ìṣeré. Ohun tó fi di ilé mú nígbà tí ilé fẹ́ wó ni. Ẹni tó bá kọ́ ìtàn sísọ ní irú òru bẹ́ẹ̀ kò lè gbà pé kí ẹnikẹ́ni wá fi ṣúgà bò ó.

ORÚKỌ TUNTUN, ÌLÚ TUNTUN

Nígbà tí Lyndon dàgbà, iṣẹ́ eré orí ìtàgé ló kọ́kọ́ gbé lérí. Ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣèré Allan Wilkie, tí ń ṣe eré Shakespeare káàkiri, wọ́n sì jọ rìn kiri Ọsirélíà àti New Zealand. Àkókò yìí ló pa orúkọ rẹ̀ dà. Ó mú orúkọ àbísọ bàbá rẹ̀, Travers, ó fi ṣe orúkọ ìdílé tirẹ̀, ó sì ń jẹ́ Pamela Lyndon Travers. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá tó kú ní ìtìjú ṣe di orúkọ tí gbogbo ayé ń pè títí di òní.

Ó tún ń kọ ewì, ó sì ń kọ ìròyìn sínú àwọn ìwé ìròyìn. Ní ọdún 1924, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì padà wá gbé Ọsirélíà mọ́. Láti Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń fi ewì ránṣẹ́ sí George William Russell, olóòtú ìwé ìròyìn The Irish Statesman ní Áyálándì, ẹni tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí AE. Russell fẹ́ràn ohun tó kọ, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sọ ọ́ di ọ̀rẹ́, ó sì mú un mọ W. B. Yeats, akéwì ńlá ilẹ̀ náà. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni Travers ti kọ́ pé ìtàn àtayébáyé àti ìtàn iwin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan, pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ àwọn àgbà ló wà nínú wọn.

Ní ọdún 1926, orúkọ Mary Poppins kọ́kọ́ yọjú nínú ìtàn kúkúrú kan tó kọ sínú ìwé ìròyìn kan ní New Zealand. Ọdún mẹ́jọ kọjá lẹ́yìn ìyẹn kó tó di odidi ìwé. Àìsàn kan ló ṣe é, ó sì ń sinmi nínú ilé kékeré kan ní ìgbèríko Sussex nígbà tí ìtàn náà dé bá a. Wọ́n tẹ Mary Poppins jáde ní ọdún 1934. Ọ̀dọ́bìnrin kan, Mary Shepard, ló ya àwòrán inú rẹ̀. Bàbá ọ̀dọ́bìnrin yìí ló ya àwòrán inú ìwé Winnie-the-Pooh. Ìwé náà tà wàràwàrà, ìkejì sì tẹ̀lé e ní ọdún 1935. Kó tó di ọdún 1988, ìwé mẹ́jọ ni Travers ti kọ nípa Mary Poppins.

IRÚ OBÌNRIN TÍ MARY POPPINS INÚ ÌWÉ JẸ́

Ẹ̀yin tí ẹ kò ka ìwé yìí rí, ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ìdílé Banks ń gbé ní ilé kẹtàdínlógún ní òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní Cherry Tree Lane ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé náà ló kéré jù ní àdúgbò, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ń bó. Báǹkì ni bàbá ilé ń ṣiṣẹ́, owó kò sì tó ná. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí, Jane, Michael, àti ìbejì, John àti Barbara. Olùtọ́jú ọmọ tí wọ́n ní ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn wá gbé obìnrin kan wá sí ẹnu ọ̀nà wọn, tòun ti àpò rẹ̀ àti agbòòrùn tí wọ́n gbẹ́ orí ayékòótọ́ sí lọ́wọ́.

Obìnrin náà kò rẹwà ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fẹ́ràn láti máa wo ara rẹ̀ nínú dígí, ojú rẹ̀ le, ó sì máa ń jágbe mọ́ ọmọdé. Ìyanu ńlá máa ń ṣẹlẹ̀ níbikíbi tó bá wà, ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá bi í léèrè, inú á bí i, á ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣàlàyé ohunkóhun. Kì í ṣèlérí pé òun yóò dúró. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí padà sí ìwọ̀-oòrùn, á lọ láìdágbére, ọkàn àwọn ọmọ á sì gbọgbẹ́. Àǹtí Ellie ti Bowral fara hàn nínú rẹ̀, ọmọdébìnrin tó ń sọ ìtàn níwájú iná náà sì wà níbẹ̀. Ohun tí ìwé yẹn ń sọ fún ọmọdé ni pé ayé kún fún àràmàǹdà, ṣùgbọ́n àràmàǹdà kì í gbé títí, kì í sì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni.

ÌBEJÌ TÍ WỌ́N PÍN NÍYÀ

Ká tó dé orí ọ̀rọ̀ fíìmù, ohun kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá. Travers kò lọ́kọ rí. Ní ọdún 1939, nígbà tó súnmọ́ ẹni ogójì ọdún, ó lọ gba ọmọkùnrin kan tọ́ ní Áyálándì. Ìbejì ni ọmọ náà. Travers mú ọ̀kan, ó fi èkejì sílẹ̀. Yorùbá ni wá, a mọ ohun tí ìbejì jẹ́, a mọ̀ pé a kì í ya Táíwò kúrò lára Kẹ́hìndé. Kò wá tán síbẹ̀. Ó jẹ́ kí ọmọ náà dàgbà pẹ̀lú èrò pé òun ló bí i, kò sọ fún un pé ó ní ẹnì kejì. Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún 17 kí èkejì rẹ̀ tó wá a kàn ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àṣírí sì tú. Ìbínú àti ìbànújẹ́ tó tẹ̀lé e kò kéré rárá.

A kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ yìí láti fi kẹ́gàn òkú. Ìdí tí a fi sọ ọ́ ni pé obìnrin tó gba ọmọ ọlọ́mọ, tó sì fi ìpìlẹ̀ ọmọ náà pamọ́ fún un, ló padà wá fi ọmọ tirẹ̀, ìyẹn ìwé rẹ̀, fún ẹlòmíràn gbà tọ́. Ẹni náà sì ṣe ohun tó wu òun sí i.

ỌDÚN TÓ LÉ NÍ OGÚN TÍ DISNEY FI Ń BẸ̀ Ẹ́

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé Walt Disney gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ obìnrin, Diane, tó ń ka Mary Poppins, ó sì ṣèlérí fún un pé òun yóò fi ìwé náà ṣe fíìmù. Láti nǹkan bí ọdún 1938 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ sí Travers. Obìnrin náà kọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tó fi ń gbé ní New York, wọ́n tún tọ̀ ọ́ lọ, ó tún kọ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á ni pé Disney, tí gbogbo èèyàn mọ̀ mọ àwòrán kátúùnù, yóò sọ Mary Poppins di ohun ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n àìlówó lọ́wọ́ máa ń rọ ọ̀pá tó le. Nígbà tí ọdún 1950 ń lọ sópin, ìwé rẹ̀ kò tà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, bùkátà sì ń pọ̀ sí i. Ní ọdún 1960, ó gbà. Àdéhùn náà fún un ní 100,000 dọ́là àti ìpín 5 nínú 100 lára owó tí fíìmù náà bá pa. Fún òǹkọ̀wé ayé ìgbà náà, àdéhùn tó dára ni. Ó tún gba ohun kan tí Disney kì í sábà fún òǹkọ̀wé, ìyẹn ni pé wọn kò ní lo ìwé eré fíìmù náà láìjẹ́ pé òun buwọ́ lù ú.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àṣẹ lórí ìwé eré ni Travers gbà. Kò gba àṣẹ lórí fíìmù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yà á tán. Ó rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì.

ỌJỌ́ DÍẸ̀ TÓ GBÓNÁ NÍ BURBANK

Ní oṣù kẹrin, ọdún 1961, Travers lọ sí ilé-iṣẹ́ Disney ní Burbank, ní ìpínlẹ̀ California. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ni òun àti Don DaGradi tó ń kọ ìwé eré, pẹ̀lú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń kọ orin, Richard àti Robert Sherman, fi jọ jókòó. Travers ló ní kí wọ́n máa gba gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sórí téèpù, kí ẹnikẹ́ni má bàa sẹ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Àwọn téèpù náà ṣì wà títí di òní.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ojú ìwé kan tí kò bá wọn jà lé lórí. Kò fẹ́ kí ìfẹ́ kankan wà láàrin Mary Poppins àti Bert. Kò fẹ́ kí wọ́n sọ Ọ̀gbẹ́ni Banks di aláìláàánú sí àwọn ọmọ rẹ̀, torí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni bàbá inú ìwé ṣe rí, ẹ̀yin òǹkàwé wa sì ti mọ ẹni tí bàbá náà dúró fún. Kò fẹ́ kí ìyá àwọn ọmọ di ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ó fẹ́ orin àtijọ́ tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń kọ tẹ́lẹ̀, kò fẹ́ orin tuntun. Èyí tó wá lé téńté ni pé kò fẹ́ àwòrán kátúùnù kankan níbẹ̀. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò gbàgbé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Disney fúnra rẹ̀ kò sí nítòsí ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọjọ́ náà.

OHUN TÓ RÍ LÁLẸ́ ỌJỌ́ NÁÀ

Nígbà tí fíìmù parí, wọn kò fìwé pe Travers síbi àfihàn àkọ́kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi fún un láyè. Ẹ wo ìyá ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun wá síbi ìkómọ!

Ohun tó rí níbẹ̀ ló fa ẹkún. Wọ́n ti dá àkókò ìtàn náà padà sí ọdún 1910. Ilé tó ti ń bó ti di ilé ńlá tó ń dán. Àwọn ìbejì ti pòórá, Jane àti Michael nìkan ló kù. Bert, tó ń ta ìṣáná tó sì ń ya àwòrán sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìwé, ti di olórin àti oníjó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìtàn mọ́ Mary Poppins lọ́wọ́. Àwọn ẹyẹ pẹ́ńgúìnì inú àwòrán kátúùnù ń jó. Mary Poppins tó le, tí kì í ṣàlàyé ara rẹ̀, ti di arẹwà olóhùn dídùn. Travers kò bá Julie Andrews, tó ṣe ipa náà, jà, ó gbà pé ọ̀dọ́bìnrin náà mọ iṣẹ́. Ìjà rẹ̀ ni pé wọ́n ti mú ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ kúrò nínú ìtàn, adùn nìkan ló ṣẹ́ kù.

Níbi àpèjẹ tó tẹ̀lé àfihàn, ó tọ Disney lọ, ó ní kí wọ́n gé àwọn àwòrán kátúùnù náà kúrò. Disney dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí, kò sí àtúnṣe mọ́, ó sì yí padà lọ bá àwọn àlejò rẹ̀. Ìwé àdéhùn wà lẹ́yìn rẹ̀.

Fíìmù náà lọ káàkiri ayé. Wọ́n yàn án fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar mẹ́tàlá, ó sì gba márùn-ún, títí kan ti òṣèrébìnrin tó dára jù lọ tó bọ́ sọ́wọ́ Julie Andrews. Ìpín 5 nínú 100 náà sọ Travers di olówó. Kò sì yẹ kí a parọ́ mọ́ fíìmù náà: ó dára lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọdé ló sì tipasẹ̀ rẹ̀ gbọ́ orúkọ Mary Poppins. Travers náà máa ń gbà nígbà mìíràn pé fíìmù tó dára ni, ó ní kì í ṣe ìwé òun ni. Disney kú ní ọjọ́ 15, oṣù kejìlá, ọdún 1966. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Travers kò gbà kí wọ́n ṣe apá kejì. Bí wọ́n ṣe tún jókòó sọ̀rọ̀ lé e lórí láàrin ọdún 1980 sí 1989, kò yọrí sí ibì kankan.

ÒUN NÁÀ TÚN ÌWÉ RẸ̀ ṢE

Apá kan ìtàn yìí kan àwa aláwọ̀ dúdú gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ìwé ọdún 1934, Mary Poppins mú àwọn ọmọ lọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé. Ọ̀nà tí Travers gbà ṣàpèjúwe àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn ẹ̀yà mìíràn níbẹ̀ kò bójú mu, ẹ̀gàn ni. Ní ọdún 1980, ilé ìkàwé ìjọba ní San Francisco yọ ìwé náà kúrò lórí pẹpẹ. Travers kọ́kọ́ gbèjà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1981, ó tún orí ìwé náà kọ, ó sì fi àwọn ẹranko rọ́pò àwọn èèyàn náà. Èyí fi hàn pé òun náà mọ̀ pé ìwé kì í ṣe òkúta, pé àtúnṣe wà tó tọ́. Ohun tó ń bi í nínú nípa fíìmù ni pé ẹlòmíràn ló ṣe àtúnṣe náà, nítorí kí ọjà lè tà.

Ní ọdún 1993, Cameron Mackintosh, agbátẹrù eré orí ìtàgé, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fi ìwé náà ṣe eré olórin. Ó ti lé ní ẹni 90 ọdún nígbà náà, kò sì gbàgbé. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó là á sílẹ̀ pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, àti pé ẹnikẹ́ni tó bá lọ́wọ́ nínú fíìmù ọdún 1964 kò gbọ́dọ̀ dá sí i. Kò rí eré náà. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 23, oṣù kẹrin, ọdún 1996, lẹ́ni ọdún 96. Ọdún 2004 ni eré náà bẹ̀rẹ̀, orin tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Sherman láti inú fíìmù sì wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2013, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Disney fi ìjà náà gan-an ṣe fíìmù. Saving Mr. Banks ni wọ́n pè é, Emma Thompson ló ṣe Travers, Tom Hanks sì ṣe Disney. Nínú fíìmù yìí, wọ́n fi Travers hàn bó ṣe ń sunkún lálẹ́ àfihàn náà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é bí ẹni pé ọkàn rẹ̀ ti rọ̀, pé fíìmù ọ̀hún ti wo ọgbẹ́ ikú bàbá rẹ̀ sàn. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn tí wọ́n pa ìwé rẹ̀ dà, wọ́n tún pa ẹkún rẹ̀ dà. Ní ọdún 2018, wọ́n ṣe fíìmù Mary Poppins mìíràn, òun kò sì sí láyé mọ́ láti bá wọn jà.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹ̀kọ́ wà nínú ẹkún obìnrin yìí fún gbogbo òǹkọ̀wé wa tí àwọn olóòtú fíìmù bá ń kan ilẹ̀kùn wọn. Kí wọ́n ka ìwé àdéhùn délẹ̀ kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, kí wọ́n béèrè ẹni tí àṣẹ ìkẹyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọmọ tí a bá ti fi fún alágbàtọ́, alágbàtọ́ ni yóò pinnu aṣọ tí yóò wọ̀. Fún àwa òǹkàwé, ìtùnú kan wà. Fíìmù kò jó ìwé náà níná. Mary Poppins tó le, tó ń gbéra ga, tí kì í ṣàlàyé ara rẹ̀, ṣì wà láàrin èèpo ìwé rẹ̀, tòun ti agbòòrùn olórí ayékòótọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó lọ ka ìwé.